Orin Láìsí Ọ̀rọ̀: Lámèyítọ́ Alẹ́ Orin Ìgbafẹ́ Lórí Dùùrù Oníná ní Àwùjọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ irú àpèjọ kan tí ó ti di ara ìgbé-ayé ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn alẹ́ tí atẹdùùrù máa ń fi dùùrù oníná tẹ àwọn orin tí tọmọdé tàgbà mọ̀, tí kò sì sí akọrin tí ń kọ ọ̀rọ̀ orin náà jáde. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń wá ìdáhùn sí ni pé: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí orin Yorùbá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lára rẹ̀ tí ó wá ku ìró nìkan? Iṣẹ́ náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ kì í kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹnu atẹdùùrù ni ó ti kúrò, ó sì bọ́ sí ọkàn olùgbọ́. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi díwọ̀n irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá bí ìka ṣe yá tó. Bí orin náà ṣe ran olùgbọ́ lọ́wọ́ tó láti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni ó jù. Iṣẹ́ yìí tún tọ́ka sí ohun tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá lè rí kọ́ nínú rẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìlù ni òwe yìí dárúkọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tọ́ka sí ju ìlù lọ. Ó ń fi yé ni pé nínú àṣà Yorùbá, ìró tí ohun-èlò orin bá mú jáde kì í ṣe ariwo dídùn lásán. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó ní etí tí yóò fi gbọ́ ọ.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá láàrin àwọn ìjọ Onígbàgbọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin wọn rinlẹ̀, kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ kí wọ́n ya alẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún dùùrù. Wọn a fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀, wọn a sì tẹ iṣẹ́ àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù. Lẹ́yìn èyí ni atẹdùùrù yóò wá yà sí ojú ọ̀nà mìíràn. Yóò tẹ orin háíláìfù ayé àtijọ́, yóò tẹ orin jùjú, yóò tẹ orin Kérésìmesì, yóò sì tẹ orin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré òṣùpá. Ìgbà yìí gan-an ni gbọ̀ngàn máa ń yí padà. Ẹni tí ó ti ń tòògbé a ta jí, ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, ètè àwọn àgbàlagbà a bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n kọrin.

Apá yìí nínú alẹ́ náà ni àwọn kan ń wò gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá tí kò tó ohun tí onímọ̀ ń jókòó tì. Lójú wọn, iṣẹ́ ńlá ti parí, orin ìgbafẹ́ ni ó kù. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti fi hàn pé ibi tí wọ́n ń fojú kéré yìí gan-an ni ìbéèrè tí ó le jù lọ nípa orin Yorùbá ti máa ń jẹ yọ. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, nínú èyí tí ìyàtọ̀ ohùn ń mú ìyàtọ̀ ìtumọ̀ wá. Bí ohun-èlò tí kò ní ẹnu bá wá gba orin irú èdè bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́, ó yẹ kí lámèyítọ́ bi í léèrè bóyá ó sọ ohun tí orin náà sọ.

Dùùrù: Láti Ilé Ìjọsìn dé Ilé Ìgbafẹ́

Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni dùùrù gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó máa gbé orin ìyìn ró. Ìró orin wọ̀nyí ti òkè òkun wá, ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ èdè Yorùbá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìró tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Bí ìró bá gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà lẹ́nu akọrin. Ẹni tí ó kọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìró méjì tí ó dọ́gba ti kọ ọkọ. Bí ìró kejì bá sì gòkè, ọkọ́ ni ó kọ. Ohun tí a fi ń rìnrìn àjò ti di ẹni tí ó fẹ́ni sílé, tàbí ohun tí a fi ń roko.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n mọ orin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1922, J. J. Ransome-Kuti (1855-1930) gba orin mẹ́tàlélógójì (43) sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London, ẹ̀rí sì ni iṣẹ́ náà jẹ́ pé orin ìyìn lè ti inú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jáde. T. K. E. Phillips (1884-1969), tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Cathedral Church of Christ, Marina, Èkó, láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé orin Yorùbá àti ọ̀rọ̀ sísọ kò ṣe é yà nípa. Láti inú ohùn ọ̀rọ̀ ni ìró orin ti ń wá. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé atẹdùùrù ni ó sọ èyí. Ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó ti ohun-èlò tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ó tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ ni ìyá orin.

Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé (1905-1987). Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí. Àlùfáà àti olórin ni bàbá rẹ̀, ó sì wà lára àwọn olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Ṣówándé lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n orin ni ó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni dùùrù oníná Hammond ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Ṣówándé di ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn nínú àwọn ilé ìgbafẹ́ ìlú náà, níbi tí ó ti ń tẹ orin tí àwọn ènìyàn ń jó sí. Ní ọdún 1939, ó tẹ dùùrù fún akọrin Adelaide Hall nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ Decca ṣe. Ẹni yìí kan náà ni ó gba oyè àgbà nínú dùùrù títẹ̀, ìyẹn FRCO, ní ọdún 1943, tí ó sì di atẹdùùrù ìjọ West London Mission ní Kingsway Hall láti ọdún 1945 sí 1952.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́, nítorí ó bi ògiri tí àwọn kan mọ sáàárín orin ńlá àti orin ìgbafẹ́ wó. Ṣówándé kò ka èyí tí ó tẹ̀ ní ilé ijó sí ohun ìtìjú. Nínú African Suite tí ó kọ ní ọdún 1944, ó mú orin háíláìfù tí ó gbajúmọ̀, ó sì sọ ọ́ di apá tí ó pè ní Akinla, fún ohun-èlò olókùn nìkan. Orin yìí ni wọ́n fi ń ṣí ètò Gilmour's Albums lórí rédíò ilẹ̀ Kánádà, ètò tí ó wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1956 sí 1997. Ọ̀pọ̀ ará Kánádà gbọ́ ìró náà fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó dùn mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ìró. Bí orin kan ṣe lè rin ìrìn àjò jìnnà tó bí kò bá ru ẹrù ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù: kí ni ó fi sílẹ̀ nílé kí ó tó lè rìn tó bẹ́ẹ̀?

Ohun-Èlò náà àti Ààlà Rẹ̀

Kò sí bí lámèyítọ́ ṣe lè ṣe ìdájọ́ òdodo lórí atẹdùùrù bí kò bá mọ ohun tí ohun-èlò náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nínú Hammond àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1935, àwo irin kékeré mọ́kànléláàádọ́rùn-ún (91) ni ó ń yí bírí. Etí àwo kọ̀ọ̀kan rí gbágun-gbàgun, ó sì ń kọjá níwájú irin òòfà tí wọ́n fi wáyà wé. Bí ó ṣe ń kọjá ni iná mànàmáná ń gbọ̀n nínú wáyà náà, ẹ̀rọ a sì sọ gbígbọ̀n yìí di ohùn. Irin eléyín ni ó so àwo wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra wọn, nítorí náà iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí kò lè yẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá dúró. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kò sì lè yọ́ kúrò níbẹ̀ lọ bá èkejì.

Dùùrù oníná òde òní, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kíbọ́ọ̀dù, kò lo àwo irin mọ́, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó ṣì gbà ń pín ohùn. Láàrin dò kan àti dò tí ó tẹ̀lé e, ìtẹ̀ méjìlá ni ó wà, funfun méje àti dúdú márùn-ún. Ohun tí ó bá wà láàrin ìtẹ̀ kan àti èkejì kò sí lọ́wọ́ atẹdùùrù. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan ní apá òsì tí a fi lè fa ohùn lọ sókè tàbí sódò. Síbẹ̀, ọwọ́ òsì náà ni ó gbọ́dọ̀ máa tẹ àwọn ohùn tí ń gbé orin ró, nítorí náà kẹ̀kẹ́ yìí kì í sábà rí ẹni lò ó.

Ibí yìí ni dùùrù ti yàtọ̀ sí dùndún. Bí onílù bá fi ọwọ́ fún ọṣán dùndún, ohùn ìlù náà a gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, a sọ̀ kalẹ̀. Láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ yìí, kò sí ibi tí kò lè dúró sí, kò sì sí ibi tí kò lè yọ́ gbà. Yíyọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, nítorí bí ẹnu Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò dé òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ńṣe ni ó ń yọ́ gòkè, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè. Nínú ọ̀rọ̀ bí rárà, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀lé ohùn òkè ń yọ́ wálẹ̀. Ẹlẹ́yọ̀ọ́ròdò ni wọ́n ń pe èyí. Dùndún lè sọ méjèèjì. Dùùrù lè tẹ ibi tí ohùn ti gbéra àti ibi tí ó gúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò lè rin ọ̀nà àárín wọn.

Àwọn olórin jùjú ti mọ àléébù yìí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti wá ojútùú sí i ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nígbà tí I. K. Dáíró (1930-1996) mú àkọ́díọ́nù wọ inú jùjú, ohun-èlò tí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan bíi ti dùùrù ni ó mú wọlé. Ṣùgbọ́n kò dá ẹrù ọ̀rọ̀ gbé e lórí. Ẹnu akọrin wà níbẹ̀, gángan sì wà níbẹ̀ tí ń dáhùn. Nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé, gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀ wà nínú àwo Synchro System ti ọdún 1983 pẹ̀lú àwọn ohun-èlò oníná mìíràn. Gìtá náà ń ṣe yíyọ́ tí àwọn yòókù kò lè ṣe. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé jíjẹ́ àjèjì ohun-èlò kọ́ ni ìṣòro. Bí wọ́n bá fi ohun-èlò tí kò lè sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan ni ìṣòro tó ń dé. Ní alẹ́ dùùrù, ó wà ní òun nìkan.

Ohùn Kan, Ọ̀rọ̀ Púpọ̀

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kékeré kan fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó hàn. Bí ènìyàn bá tẹ ìró mẹ́ta, tí àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, tí méjì tí ó tẹ̀lé e sì wà lókè, ìró náà lè jẹ́ Bàbá dé. Ó sì lè jẹ́ Ìyá wá. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ Òjó kú. Ohùn ìsàlẹ̀ kan àti ohùn òkè méjì ni ó wà nínú gbogbo wọn. Ìró kan náà ni ó gbé ayọ̀ àbọ̀dé, tí ó sì gbé ìròyìn òfò. Dùùrù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Kí wá ni ó ń jẹ́ kí gbọ̀ngàn kan rẹ́rìn-ín sí ìró náà dípò kí wọ́n sunkún?

Bí a bá ní dùndún pẹ̀lú kò ní kọ́ńsónáǹtì, òótọ́ ni. Ọ̀nà tí àwọn onílù gbà borí ìṣòro náà ni pé wọn kì í sábà dá ọ̀rọ̀ kúkúrú sọ. Oríkì, òwe àti gbólóhùn tí ó ti di àṣà ni wọ́n ń lù, kí gígùn rẹ̀ lè ran etí lọ́wọ́. Bákan náà, wọ́n mọ ẹni tí ó wà níwájú wọn: orílé rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe lọ́jọ́ náà, àti ohun tí ó ń retí láti gbọ́. Ìtumọ̀ ìlù wà nínú àyíká tí wọ́n ti ń lù ú. Àyíká àti ohùn ni wọ́n jọ ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ dùùrù, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan. Ohun tí olùgbọ́ fi ń túmọ̀ ìró dùùrù ni orin tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí atẹdùùrù tó tẹ ìlà àkọ́kọ́ tán, olùgbọ́ ti dá orin náà mọ̀. Bí ó bá sì ti dá a mọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a tú jáde lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, dùùrù kọ́ ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ fún un mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ fún dùùrù. Ìdí nìyí tí ètè àwọn àgbàlagbà fi ń mì. Kò sì ṣàjèjì pé bí iná mànàmáná bá lọ láàrin orin, dùùrù a dákẹ́, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kì í dákẹ́. Àwọn olùgbọ́ a gba orin náà kọ títí yóò fi parí. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, akọrin kò ṣàìsí. Inú ìjókòó ni ó wà, àwọn olùgbọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n ibí yìí náà ni ewu wà. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà kò ní ohun tí yóò fi kún ìró tí ó ń gbọ́. Bí atẹdùùrù bá tẹ orin jùjú ọdún 1960, ẹni àádọ́rin ọdún gbọ́ ìtàn, ó gbọ́ òwe, ó gbọ́ ìkìlọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó jókòó tì í gbọ́ ohùn dídùn. Àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ kò dọ́gba. Ní ti orin náà, ọmọ ìlú wa yìí àti ará Kánádà tí ń gbọ́ rédíò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ohun tí ó Yẹ kí Lámèyítọ́ Wò

Láti inú ohun tí a ti sọ sókè yìí, ó ṣeé ṣe láti to òṣùwọ̀n mẹ́rin tí ó bá irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ mu.

Èkíní ni bí atẹdùùrù ṣe bọ̀wọ̀ fún ìlà ohùn. Nínú títẹ orin pẹ̀lú ohùn mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń ru ọ̀rọ̀. Mẹ́ta yòókù ń gbè é ni. Bí àwọn tí ń gbè bá ń sáré sókè sódò ju èyí tí ń dá lọ, etí kò ní mọ èwo ni kí ó tẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù tí ìka wọn yá ni ó ń ṣubú síbí yìí. Wọ́n ṣe orin náà lọ́ṣọ̀ọ́ títí ọ̀ṣọ́ fi bo ojú rẹ̀. Ìlọ́po ohùn kò burú, ṣùgbọ́n ìgbà tí gbọ̀ngàn bá ti dá orin mọ̀ ni ó yẹ kí ó wáyé, kì í ṣe kí wọ́n tó dá a mọ̀.

Èkejì ni èémí. Akọrin máa ń sinmi níbi tí gbólóhùn bá parí sí, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ mí. Dùùrù oníná kò nílò èémí. Ó lè máa dún lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Atẹdùùrù tí ó mọ iṣẹ́ máa ń gbé ọwọ́ sókè ní òpin gbólóhùn, bí ẹni pé ó fẹ́ mí. Sísinmi yìí ni ó ń fún olùgbọ́ láyè láti parí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Níbi tí kò bá ti sí i, gbólóhùn méjì a lẹ̀ mọ́ra, òwe a sì di àdììtú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìlù inú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀ kí ìlù máa lù fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe rúḿbà, ìbáà ṣe wọ́ọ̀sì. Ó dùn, ó sì ń dín iṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ìlù yìí kò gbọ́ ohun tí orin ń sọ. Nínú jùjú, gángan ń tẹ́tí sí akọrin. Bí akọrin bá da òwe, gángan lè parí rẹ̀. Bí akọrin bá ki ènìyàn, gángan lè fi kún un. Ìlù inú ẹ̀rọ ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ orin ìgbéyàwó ni wọ́n ń tẹ̀, ìbáà jẹ́ orin arò. Roy Chicago fi hàn nínú háíláìfù rẹ̀ pé ìlù tí ń sọ̀rọ̀ lè bá àwọn ohun-èlò òkè òkun gbé láìjà. Bí wọ́n bá fi onígángan kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù, tí wọ́n sì pa ìlù inú ẹ̀rọ, alẹ́ náà yóò rí apá kan gbà padà nínú ọ̀rọ̀ tí ó ti sọnù.

Ẹ̀kẹrin ni bí wọ́n ṣe to orin tẹ̀léra. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni kí atẹdùùrù máa ti inú orin kan bọ́ sí òmíràn láìdúró, kí inú àwọn ènìyàn lè máa dùn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìró tí ó jọra nìkan ni ó so wọ́n pọ̀, orin ìdárò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé orin àríyá, kí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sì rí i pé wọ́n ti rán aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó. Ẹni tí ó to orin nípa ọ̀rọ̀ wọn ni ó mọ̀ pé Yorùbá ni òun ń tẹ orin fún.

Nípa òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ìka tí ó yá kò tó. Atẹdùùrù tí ó rọra tẹ orin kan, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ sínú ara wọn, ti borí ẹni tí ó tẹ orin méjìlá tí ẹnikẹ́ni kò fi ètè kan.

Ọ̀rọ̀ fún Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́. Nínú kíláàsì èdè Yorùbá, orúkọ ìró orin ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ọ̀nà yìí dára, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ṣi ni lọ́nà bí olùkọ́ bá gbàgbé pé ohùn ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìró orin tí ó dúró sójú kan. Bí olùkọ́ bá tẹ re méjì lórí kíbọ́ọ̀dù, ó lè ní ọkọ ni òun tẹ̀. Bí ó bá tẹ dò méjì, ó lè ní ọ̀kọ̀ ni. Ọmọ tí kò rí ìka rẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí ìró méjì tí ó dọ́gba ni ó gbọ́ nígbà méjèèjì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣáájú tàbí tí ó bá tẹ̀lé e ni etí tó lè mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni èyí, àárín ni tọ̀hún. Ohùn Yorùbá kì í dá dúró. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù lè jẹ́ ohun-èlò ìkọ́ni tí ó wúlò, bí olùkọ́ bá lò ó fún gbólóhùn dípò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó tẹ ìró Bàbá dé, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ìró náà mu. Àwọn ọmọ yóò rí i fúnra wọn pé ohùn nìkan kò tó ìtumọ̀, bí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nìkan kò ṣe tó. Lẹ́yìn náà kí ó pe onílù kan, kí ó lù ú, kí wọ́n lè gbọ́ yíyọ́ tí kíbọ́ọ̀dù kò lè yọ́.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni ti ọ̀rọ̀ orin. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé olùgbọ́ ni akọrin ní alẹ́ dùùrù, a jẹ́ pé ọjọ́ tí àwọn olùgbọ́ tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ bá tán ni orin náà dákẹ́, bí dùùrù tilẹ̀ ń dún. Ẹ̀rọ lè pa ìró mọ́. Ènìyàn ni ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lọ́nà tí yóò fi wá sí ètè nígbà tí ìró bá pè é. Iṣẹ́ yìí já lé olùkọ́ léjìká. Kí ó kó ọ̀rọ̀ orin jùjú, háíláìfù, àpàlà àti orin eré òṣùpá jọ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, kí ó sì kọ́ àwọn ọmọ láti kọ wọ́n lẹ́nu kí wọ́n tó gbọ́ wọn lórí dùùrù.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti yẹ alẹ́ orin ìgbafẹ́ lórí dùùrù oníná wò gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó yẹ fún lámèyítọ́. Ó ti fi hàn pé láti ìgbà Phillips àti Ṣówándé ni àwọn atẹdùùrù Yorùbá ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ìbéèrè ọ̀rọ̀ àti ìró, àti pé ọ̀nà tí dùùrù oníná gbà ń pín ohùn kò fún un láyè láti sọ Yorùbá bí dùndún ṣe ń sọ ọ́. Ó tún ti fi hàn pé àbùkù yìí kò ba alẹ́ náà jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí wọ́n jókòó bá ní ọ̀rọ̀ nínú tí wọn yóò fi kún un. Atẹdùùrù tí ó dára ni èyí tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn, tí kò sì fi ọ̀ṣọ́ ìka gba orin lẹ́nu wọn.

Ìlù ògìdìgbó kò yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti pa òwe rẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn tí ó ń mọ̀ ọ́n ni ó ń dín kù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń bá a lọ láti tọ́ irú ọ̀mọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kò sí ohun-èlò tí ó lè mú orin Yorùbá yadi, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n tì mọ́ iná.